Aago Tí Mo Gbé Gun Orí Táǹkì

Ọmọ mi tí orí rẹ̀ le bíi tèmi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó dá ọ sí di òní kò ní já ọ sílẹ̀ lọ́la. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, bí o bá rí àṣìṣe, gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní àkókò kì í rìn bákan náà níbi gbogbo, pé aago òkè máa ń yá ju ti ìsàlẹ̀ lọ, pé aago ta wá ni Ọlọ́run fi ń gbọ́ àdúrà, àti pé ìwọ ti ṣíwọ́ àdúrà ní tìrẹ. Mo ní irọ́ ni. Mo yí aago méjì sí mẹ́jọ àárọ̀, mo fi ọ̀kan sábẹ́ àga, mo gbé èkejì gun orí táǹkì omi, èmi arúgbó, lórí àkàsọ̀ tó ń mì bí eyín mi. Nígbà tí mo máa fi padà wò wọ́n, ti òkè ti lu méjìlá, ti ìsàlẹ̀ ṣì wà ní mẹ́jọ. Ẹnu yà mí. Mo ní bí òkè bá yá tó báyìí, ibẹ̀ ni kí n ti máa gbàdúrà kó lè tètè dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kúnlẹ̀ lórí táǹkì, tí mo ń kéde fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi mọ̀wé. Lọ́jọ́ kẹrin, bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì, ó yẹ aago ìsàlẹ̀ wò, ó ní kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ sínú rédíò. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò bàbá rẹ ti ń pè mí ní Ìyá Orí Táǹkì, mo sì ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n má rò pé o ti borí. Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wákàtí mẹ́ta ni mo fi rọbí. Bàbá rẹ tó jókòó níta sọ pé odindi ọjọ́ kan ni. Èmi mọ̀ pé ó tó ọdún kan. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, ìwọ kan náà ló sì jáde. Ọlọ́run tó gbà wá lọ́jọ́ yẹn kò kọ́kọ́ béèrè aago ta ló tọ̀nà.

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, àti ti òróró orúnkún. Má fi í gba inú fóònù o, mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò bá kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Bí àdúrà bá nira fún ọ, èmi á máa gbà á fún ọ ní ìdájí, ìwọ ṣáà máa ṣe àmín nígbàkígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọlọ́run ni yóò so méjèèjì pọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.