Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Ọkọ Mi

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Igbein,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Moyinolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ ń kọ́? Ṣé ìrìn Èkó tó ń rìn láti Ewékorò láràárọ̀ kò tíì mú kó rẹ̀ ẹ́ jù? Péjú ọmọ wa ń kọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ara tiwa náà le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ojú ló ń tì mí. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹkún ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni mo ń kọ́ báyìí. Iṣẹ́ tó kàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bí àwọn èèyàn ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méje tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ń ṣeré láti kékeré, kí ni n ó sọ tí yóò yé wọn? Ni mo bá rántí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àpótí nínú yàrá ìyá ọkọ mi. Ìyá ti jáde lọ sí ìsọ̀ àdìrẹ wọn ní Ìtòkú. Mi ò béèrè. Mo ní kí wọ́n tó dé, n ó ti dá a padà.

Moyin, kí n má purọ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dùn. Bí mo ṣe gbé rédíò náà sórí tábìlì, Usamah, ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ń fi ìka ra ojú rẹ̀, ó ń retí kí iná tàn níbẹ̀. Lubabah ní, “Àńtí, níbo ni wọ́n ti ń rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀?” Mo ní wọn kì í rí i. Ó ní, “Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òun ni?” Mo ní ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń hó ṣìì. Mo rò pé òfìfo ni. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọ máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ orúkọ wọn, kí wọ́n sì kí àwọn ará ilé wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, ṣe ni wọ́n ń fò sókè. Ọ̀gá wa yọjú, ó yìn mí. Orí mi wú.

Ìyá ti délé ṣáájú mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo orí àpótí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé rédíò náà kalẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn béèrè pé, “Ìyàwó, kásẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ń kọ́? Ẹ ò fọwọ́ kàn án?”

Mo jẹ́wọ́ pé mo ti gba ohùn àwọn ọmọ sínú rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi ẹni tó ni ohùn inú rẹ̀. Ohùn bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ló wà nínú rẹ̀; ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo nìkan ni mo gbọ́ ní kíláàsì. Nígbà tí bàbá ń ṣòwò àdìrẹ ní Àbíjàn, nítorí pé ìyá ò mọ̀wé kà, ohùn ni bàbá máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ẹyọ kan yìí ló kù.

Ìyá fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kan sọ orúkọ rẹ̀, òmíràn kí màmá rẹ̀. Ìyá ń fetí sílẹ̀. Usamah ló kẹ́yìn: “Orúkọ mi ni Usamah, mo fẹ́ràn...” Ó gé. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀: “...bá mi kí àwọn ará Ìtòkú. Sọ fún Jùbrílù kó máa ka ìwé rẹ̀.” Ó tán síbẹ̀. Jùbrílù ọkọ mi ni bàbá ń ránṣẹ́ sí, nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mo bú sẹ́kún, mo béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá ní, “Oríkì mi ni. Ó máa ń kọ́kọ́ kì mí dáadáa kó tó jíṣẹ́ kankan. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tí ìyá ti ń rọra tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni mo já lulẹ̀.

Wọ́n ní kí n má sọ fún Jùbrílù, ṣùgbọ́n mi ò lè máa wo ojú rẹ̀, mo sọ fún un. Kò bá mi jà. Ó jáde, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, kò jẹun.

Lánàá, mo ń gba ìwọ̀nba tó kù sínú fóònù fún ìyá, kó má baà tún ṣòfò. Mo fẹ́ gé ohùn Usamah kúrò níwájú ti bàbá. Ìyá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Fi í sílẹ̀. Ọmọ náà ò mọ̀.”

Moyin, wọn ò sọ pé èmi náà ò mọ̀.

Bá mi kí Olúṣẹ̀yẹ, kí o sì bá mi gbé Péjú mọ́ra. Bí o bá ráyè, jọ̀ọ́, wá bá mi bẹ̀ wọ́n, nítorí ẹni tí kò bínú, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Làtífátù.