Orúkọ Mi Lórí Fọ́ọ̀mù Mọ́kànlá

Changli, Tamale,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nùsáybà ọmọ mi, Àyìnkẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ nínú ilé tí o ń gbé ní Accra, kí ó wà pẹ̀lú rẹ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì wà nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé ọ lọ tí ó ń gbé ọ bọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí bísíkíìtì yẹn náà ni? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Màmá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti sàn, èyí tí kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́yìn mi báyìí, ohun tí ó ní kí n kọ ni mo sì kọ. Ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí méjì, ọ̀kan jọ ọ́, èkejì kò jọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ ládùúgbò.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, bí mo bá sì pè ọ́ lórí fóònù, kí n tó kí ọ tán, wàá ti ní Bàbá, mo wà nínú ìpàdé. Mo fi rán Yàsír, awakọ̀ tó ń na Tamale sí Accra, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi lé ọ lọ́wọ́ kí ọjọ́ Sátidé tó dé, nítorí ọjọ́ Sátidé ni nǹkan wà.

Àwọn kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìbora. Ìbora ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín nígbà ọyẹ́ fún àwọn tó ń sùn ní ibùdókọ̀ àti lábẹ́ àtíbàbà ọjà, kí wọ́n tó gba ilé ìwé àtijọ́ kan ní Sagnarigu, tí wọ́n sọ ọ́ di ilé fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò forí lé. Elizabeth ni olórí wọn, ọmọ àwọn Ọlátúbọ̀sún tó ń ta pákó ní Sakasaka, oníṣọ́ọ̀ṣì ni, èèyàn gidi sì ni. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá wọn rán tìmùtìmù mẹ́rìnlá. Òwú àràbà ni mo kì sínú gbogbo wọn, n kò lo fóòmù, nítorí ẹni tó ti sùn lórí sìmẹ́ǹtì fún ọdún mẹ́ta yẹ kí ó sùn lórí ohun tó mọ̀ pé èèyàn ló wà lórí òun.

Ọjọ́ tí mo kó wọn lọ ni Elizabeth rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì gbọ́ Hausa, mo gbọ́ Dagbani, mo gbọ́ Yorùbá, ni ó bá bẹ̀ mí pé kí n máa bá wọn kọ fọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń wọlé. Bàbá rẹ ti di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n fún mi ní káàdì tí à ń fi okùn so kọ́ ọrùn, àwòrán mi wà lórí rẹ̀, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìmáàmù ti ní kí n máa tì í sábẹ́ agbádá nígbà ìrun, torí pé bí mo bá ń forí kanlẹ̀, káàdì náà ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Fọ́tò ni ohun àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù yẹn ń bèèrè. Wọ́n ní àwọn olùtọrẹ ní ìlú òyìnbó yóò rí i. Mo wò ó pé a kò lè jẹ́ kí ojú ti àwọn èèyàn wọ̀nyí lókè òkun, mo lọ gbé agbádá búlúù tí mo fi ṣe ọdún Iléyá, mo wọ̀ ọ́ fún àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá rẹ sì yọ̀ǹda ìborùn rẹ̀ tó ń dán fún àwọn obìnrin máràrùn-ún. Ọmọ mi, wọ́n wuni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olùtọrẹ kọ̀wé, wọ́n ní kí ló dé tí a ń ya ọkùnrin kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo sọ fún Elizabeth pé kí ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n máa wo ojú, kí wọ́n yéé wo aṣọ.

Ṣùgbọ́n ìlà kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣe ẹni tó ni fọ́ọ̀mù: orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, nọ́mbà fóònù rẹ̀. Mo bi Alidu, ẹni tó ń ti ọmọlanke lọ́jà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́, ó ní kí n kọjá sí ìlà tó kàn. Mo bi Amama, arúgbó kan tó ti ń ṣa ẹ̀pà tó bá dà sílẹ̀ lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní àwọn tí òun ì bá dárúkọ ti kú tán. Elizabeth ní kí n fa ìlà síbẹ̀, kí n kọ pé kò sí. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Àyìnkẹ́, o mọ ilé tí o ti jáde. Nígbà tí bàbá mi gbé ẹrù aṣọ láti Ìlọrin dé Tamale, kò mọ ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní Sóńgò, àdúgbò tí àwọn àjèjì ń gbé, àlejò kì í wà láìní màígídá, ẹni tí yóò gbà á sílé, tí yóò dúró fún un níwájú ìjọba, tí yóò sì sin ín bí ọlọ́jọ́ bá dé. Dagomba kan, ọmọ onílẹ̀, tó ń jẹ́ Osman ni màígídá bàbá mi. Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn àlejò fi Gánà sílẹ̀, ọmọ ọdún méje ni mí, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó bèèrè pé ti ta ni àwọn wọ̀nyí. Osman jáde síta, ó ní tòun ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ohun tó sọ yẹn ni ẹsẹ̀ wa ṣe wà ní Tamale títí di òní, tí a sì bí ìwọ náà síbẹ̀.

Nítorí náà, mo kọ ọ́ sórí ìlà kẹsàn-án: Ìsá aránṣọ tìmùtìmù, Changli, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Mo kọ ọ́ fún Alidu, mo kọ ọ́ fún Amama, nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, mo ti di màígídá èèyàn mọ́kànlá, mo sì rìn wálé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Nọ́mbà fóònù tìrẹ ni mo kọ. Má bínú. Bí mo bá kọ tèmi fún èèyàn mọ́kànlá, ibo ni ohùn tìrẹ yóò gbà wọlé nígbà tí o bá pè wá? Fóònù tìrẹ tóbi, Accra ló sì wà, mo mọ̀ pé yóò gba gbogbo wọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi pè ọ́ lóṣù tó kọjá pé ṣé o mọ Amama, tí o ní o kò mọ̀ ọ́n rí, o ní oníjìbìtì ni wọ́n, o sì pa fóònù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n. Inú ló ń run arúgbó náà, dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọn kò rí ọ mú, wọ́n ka ìlà náà, wọ́n rí Changli, wọ́n sì rán ẹni tó fi ọ̀kadà gbé mi. Abẹ́rẹ́ wà lára aṣọ mi títí mo fi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní èmi ni màígídá rẹ̀. Ọmọ Sóńgò ni nọ́ọ̀sì náà, kò tún bèèrè nǹkan kan mọ́, ó fi bírò lé mi lọ́wọ́, mo sì kọ orúkọ mi àti ti bàbá mi síbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tí ojú rẹ̀ là, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Elizabeth tún gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn wò, tí ó fi rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ìgbìmọ̀ kò ní gbà á, pé mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bí mo bá sì lọ, ta ni yóò kù fún wọn? Mo ní ìdí tí nọ́mbà ọmọ mi ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní ṣùgbọ́n ọmọ yín ti ní òun kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò ní tàn ọ́. Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlásárì, ìgbìmọ̀ yóò pe nọ́mbà rẹ. Bí o bá ní o mọ̀ wọ́n, orúkọ wa dúró. Bí o bá ní o kò mọ̀ wọ́n, wọn yóò pa á rẹ́, wọn yóò kọ ọ́ síwájú Amama àti Alidu àti àwọn yòókù pé kò sí.

N kò ní kí o máa bọ́ wọn, n kò sì ní kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Kí o ṣáà gbé fóònù. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ti ta ni àwọn wọ̀nyí, o ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òwú, nítorí àwọn mẹ́ta mìíràn ti dé, tìmùtìmù sì ti tán. Fóònù Màmá rẹ ni kí o fi sí. Tèmi ti kún fún fọ́tò àwọn èèyàn mi, n kò mọ ibi tí owó yóò rí jókòó sí nínú rẹ̀. Bí o bá tún rí òróró tí wọ́n fi ń pa orúnkún, fi rán Yàsír, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo ní kí o rà á.

Lánàá mo lọ sí Sagnarigu, mo sọ fún Amama pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ. Ó bèèrè ibi tí o wà, mo ní Accra. Ó ní ta ni màígídá rẹ níbẹ̀. Nùsáybà, mo ní n kò mọ ẹnì kan tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ní bí wọ́n bá gbé irú ìwé yìí síwájú ìwọ náà, tí o bá dé ìlà kẹsàn-án, kí o má fi í sílẹ̀ lófìfo, kí o kọ orúkọ òun síbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá bèèrè ilé, kí o kọ Sagnarigu, yàrá kejì, tìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o débi tí wọn yóò ti bèèrè ẹni tó ni ọ́, tí gbogbo ilé yóò dákẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìsá.