Àkọ̀ Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Saimi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀bẹ tí wàá mú lọ sí àgọ́ ẹ̀kọ́ inú igbó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì yẹn. Má wá ti Oiva kiri, mo ti gbé e pamọ́. Èyí kúrú, kò ṣe é ká, èèkù rẹ̀ sì kún ọwọ́ rẹ dáadáa.

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ọ láàárọ̀ nígbà tí o bèèrè ọ̀bẹ Oiva ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ni mo rán bọ́tìnnì mọ́ àkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bọ́tìnnì yìí mà le jù." Mo ní kó dákẹ́, ṣebí ó ti sọ ọ̀bẹ méjì nù. Lọ́jọ́ tí yìnyín tó bo adágún Inari fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó já sínú omi, ọ̀bẹ yẹn ni ì bá gún mọ́ yìnyín, kó fi fa ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, bọ́tìnnì mi ṣì wà ní dídè.

Àkọ̀ tìrẹ kò ní bọ́tìnnì. Wọ ìbọ̀wọ́, kí o fi ọwọ́ kan fa ọ̀bẹ náà yọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí bọ́ọ̀sì yín tó dé. Bó bá jábọ́ sínú igbó, má wá a. A ó ra òmíràn.

Ìyá rẹ