Ẹ̀gúsí Tí Mo Fi Ẹnu Gbìn

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ̀wé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́. Pírámárì kejì ni mo kà dé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé oníwèé wo ní Igbó-Ọrà ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó tó tèmi. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wà níwájú ilé mi báyìí. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ẹ rí i kí ẹ tó lọ.

Ti oko yín lọ́nà Tápà ni mo fẹ́ ròyìn. Láti ìgbà tí ẹ ti kú ni igbó ti bò ó. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọ̀dọ́ mẹ́jọ ládùúgbò wa, gbogbo wọn ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ kò sí, wọ́n ti ń di ẹrù Èkó. Ìjọba ti ní kí ìrẹsì òyìnbó má wọlé mọ́, oúnjẹ ilẹ̀ wa ni gbogbo ènìyàn ń wá. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo yọ̀ǹda oko náà fún wọn kí wọ́n gbin ẹ̀gúsí, kí wọ́n máa tà á, kí wọ́n sì máa yọ lára rẹ̀ se oúnjẹ lọ́jọ́ ọjà fún àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò sí nílé. Wọ́n gbà. Wọ́n ní ọdún kan péré làwọn máa fi wò ó. Bí kò bá bọ́ sí i, Èkó yá. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin Ìyá Ìbejì tó múlé tì yín, ni wọ́n fi ṣe olórí.

Ìyá mi, bàrà ẹ̀gúsí náà so! A kó o jọ ní òkìtì-òkìtì, a fi kùmọ̀ fọ́ ọ, a fi í sílẹ̀ kó rà. Ṣé ẹ rántí òórùn yẹn? Àwọn tó jáde ìwé mẹ́wàá ń fi gèlè àti síngílẹ́ẹ̀tì bo imú, èmi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu mi. Mo ti lọ fọ́nnu lọ́jà Lánlátẹ̀ pé ẹ̀gúsí tí màá kó wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ ọjà sì ti ń sún mọ́lé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ní kí wọ́n máa kó bàrà lọ sódò kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Kẹ́hìndé ti ọwọ́ bọ òkìtì kan. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Síkírù, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ díẹ̀ sí i. Kò tíì yọ̀ lọ́wọ́."

"Ìwọ Kẹ́hìndé! Ṣé kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ṣe ń pọ̀n ẹ́? Èmi lo fẹ́ kọ́ ní ẹ̀gúsí?"

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Wọ́n fọ̀ ọ́.

Ojú tì mí, Ìyá mi. Inú bàrà tí kò rà lẹ̀ mọ́ hóró bí àtè. Bí wọ́n ṣe ń bó o ló ń fọ́. Lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ lásán ni mo gbé dé Lánlátẹ̀, torí n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo sá. Ìyá oníyọ̀ kan rí mi lókèèrè.

"Bàbá Síkírù, ẹ̀gúsí dà? Àbí ẹnu lẹ fi gbìn ín ni?"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba oko lọ. Àwọn ọmọ yẹn ni mo ń rò, bí wọ́n ṣe máa dé Èkó tí wọ́n á máa sọ pé agbéraga kan ló ba ọdún àwọn jẹ́. Àfi bí mo ṣe bá wọn létí odò tí wọ́n ń fọ ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, Kẹ́hìndé ti fi ìtàkùn bo òkìtì bàrà márùn-ún lẹ́yìn ọ̀gán ikán kó lè rà dáadáa, n kò rí i. Hóró ń yọ bọ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹja, ó mọ́ tónítóní.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá yín ni, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń wa ọkọ̀ kiri ìdálẹ̀, èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn wá sódò."

Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kò kọ́ èmi? Àbí ẹ kọ́ mi, tí n kò jókòó gbọ́? Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ pé mo ṣìṣe. Kò tilẹ̀ dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Wọn ò lọ Èkó mọ́. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ìyá oníyọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ra ẹ̀gúsí wa. Àwọn arúgbó jẹun, ọ̀kan nínú wọn lá àwo. Ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún yìí. Mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi orúkọ yín àti ti Kẹ́hìndé kún un.

Akèrègbè tí ẹ máa ń da eérú sí, tí ẹ fi ń tọ́jú irúgbìn tó dára jù, ẹ má fòyà, ó kún. Kò sí ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi. Ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ló wà.

Láàárọ̀ yìí mo ki ọwọ́ bọ òkìtì tuntun. Hóró yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Síbẹ̀ mo kọ́kọ́ wo ojú ọmọ yẹn. Ìgbà tó ní ó yá ni mo tó ní kí wọ́n máa kó o lọ sódò.

Kí Ọlọ́run máa bá mi kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín ẹlẹ́nu, tó ń kọ́ ẹ̀gúsí nígbà ogbó.