Búrẹ́dì tí a ń gbé lọ kí Ràfíátù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ oko kajú, ẹ kú oòrùn. Mo kí Bàbá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Mo kí Tata Síláfá, àǹtí wa tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tata, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó kà á síwájú. Ẹ foríjì mí pé mo láyà láti kọ ọ́. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà ní yunifásítì, mi ò sì tíì bímọ rí. Kò yẹ kí n máa sọ̀rọ̀ oyún fún ìyá tó bí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Calavi níbí. Omi wọ yàrá wa, ìwé mi rẹ. Èdè Fọ̀n ni àwọn tí a jọ ń gbé ń sọ, mi ò sì gbọ́ ọ. Ní kíláàsì, a pọ̀ ju ìjókòó lọ; ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yìn fèrèsé náà ni mo ti gbọ́ nípa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní sélíákì. Wọ́n ní ara àwọn kan kì í gba àlìkámà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì àti makaróní. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ara wọn á máa bá ìfun jà, títí ìfun kò fi ní lè gba oúnjẹ dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dín lára, inú á máa wú, ìgbẹ́ á máa ṣàn. Tó bá jẹ́ obìnrin, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, oyún lè má tètè dé, ó sì lè bàjẹ́ bó bá dé, tàbí kí wọ́n bí ọmọ náà ní kékeré jù. Ìyá mi, ó dà bí ẹni pé Ràfíátù ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wò tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹ bá mi rò ó. Ní Kika, nílé ọkọ rẹ̀, iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń jẹ. Ibẹ̀ ló ti ń lóyún. Bí oyún bá pé oṣù mẹ́ta, a ó ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ yín ní Tchaourou. Àwọn aládùúgbò á máa dé, olúkúlùkù pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ abíyá, nítorí a kì í fọwọ́ òfo lọ kí ẹni tó ń ṣàárẹ̀, a kì í sì í gbé iṣu lọ kí i: ta ni kò ní iṣu? Ẹ ó rẹ búrẹ́dì sínú wàrà, ẹ ó ní kó fi agbára gbé e mì. Ìgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, a ó ní oyún ló ń dà á láàmú, a ó tún bu búrẹ́dì sí i. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ báyìí. Nígbà èyí tó kẹ́yìn, èmi ni mo ra búrẹ́dì mẹ́fà ní Bohicon, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ ní Cotonou dúró níbẹ̀. Orí itan mi ni mo gbé e sí títí dé ilé kó má bàa fọ́. Ràfíátù rẹ́rìn-ín, ó ní àbúrò òun ti di ará Cotonou, ó sì jẹ ẹ́ nítorí mi.

Mo kọ̀wé sí Tonton Lawani, àbúrò Bàbá, ní Parakou. Ó fèsì pé ṣé oṣù mẹ́fà ní yunifásítì ti tó sọ mí di dókítà, pé òyìnbó ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ lálẹ́, ọmọ wọn sì kún ilẹ̀. Rédíò ń sọ pé ayé ti yí padà, pé ẹnikẹ́ni lè bá mínísítà wí ní gbangba. Àmọ́ nílé wa, èmi ò lè sọ ọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì. Ìyá ọkọ Ràfíátù ní tirẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé ta ló ń gbin iṣu lẹ́ẹ̀kẹrin sínú ebè tó ti mú un jẹrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní bí wọ́n bá ti ta kajú tán, òun á fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ òun.

Mo lọ bá dókítà obìnrin kan níbí. Ó ní òun kò lè dájọ́ ẹni tí òun kò rí, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó ní kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó wá kìlọ̀ pé kó máa jẹ búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, torí bí kò bá jẹ ẹ́, bí ó ti rí ní Kika, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù: èmi ni mo tún ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fún un jẹ. Bó bá jẹ́ òun ni lóòótọ́, kí ó fi àlìkámà sílẹ̀ pátápátá ni ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló sì ti gbé ọmọ pọ̀n. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, kò sí èyí tí kò lè jẹ nínú wọn.

Bóyá mo ṣì í. Bí mo bá ṣì í, kí ìtìjú náà jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ kí kajú tó tán. Ẹ ránṣẹ́ sí Kika pé kó wá bá yín ṣa kajú, kí wọ́n má bàa mọ ohun tí a fẹ́ ṣe.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ nínú yàrá yín. Ẹ bá mi kí Bàbá, àwọn àbúrò mi àti gbogbo agbo ilé. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn yìí. Ẹ̀sùn ni yóò fi ṣe. Tata, ẹ fi lẹ́tà náà dáná. Ẹ má sì sọ fún Ràfíátù pé mo ń rántí búrẹ́dì mẹ́fà yẹn. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un.

Ọmọ yín,
Múnírátù