Adédiwúrà Ayọ̀ọlá, Ẹni Tí Ó Ní Kí Wọ́n Yọ Orúkọ Òun Kúrò

Kétu, ní Èkó, ni a bí Màmá wa, Olóògbé Adédiwúrà Àṣàkẹ́ Ayọ̀ọlá, sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1966. Bàbá wọn ni Yàkúbù Adéṣínà, káfíńtà, ọmọ Ìsẹ́yìn. Màmá wọn ni Sàlámótù.

Ní Kétu ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà àti mẹ́wàá. Ní ọdún 1989 wọ́n gboyè nínú jọ́gíráfì ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1993 wọ́n fẹ́ Ẹnjiníà Charles Ayọ̀ọlá, wọ́n sì fi Alápẹ̀rẹ̀ ṣe ilé. Ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ.

Ní ọdún 2009 wọ́n wọ ilé-iṣẹ́ aṣèwádìí kan, irú èyí tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn. Bí ó ṣe yẹ kí irú ibẹ̀ máa ṣe ni pé olùgbọ̀wọ́, ẹni tí ó ń san owó ìwádìí, yóò mú ìbéèrè wá, aṣèwádìí yóò lọ wá ìdáhùn, àwọn onímọ̀ mìíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ yóò sì wá pinnu ohun tí wọn yóò gba ìjọba níyànjú.

Ní ọdún 2018, wọ́n rán Màmá pé kí wọ́n lọ wádìí ohun tí ó ń mú omi ya wọ ilé ní Ìkòsí. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn àti Faridah, akẹ́gbẹ́ wọn, fi wọ bàtà òjò, tí wọ́n ń wọn omi. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù onípákó létí kánààlì ibẹ̀ ló fa omi. Ògiri tí kọ́lékọ́lé ńlá kan mọ dí ojú kánààlì ni. Kọ́lékọ́lé yìí náà sì ni olùgbọ̀wọ́ ìwádìí.

Ní ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀, Màmá bá àbá tí wọ́n ti tẹ̀ kalẹ̀: kí wọ́n wó àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ti ṣáájú ìwádìí. Màmá kọjú sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà:

“Ọ̀gá Kelvin, ṣé ẹ ti pinnu kí n tó fẹsẹ̀ kan omi ni?”

“Aunty Wúrà, ẹ má bínú. Olùgbọ̀wọ́ ti mọ ohun tí ó fẹ́. Data yín la kàn máa fi tì í lẹ́yìn.”

“Tì í lẹ́yìn kẹ̀? Ṣebí ó ń ta kò ó ni! Ẹ yọ orúkọ mi kúrò.”

Wọn kò yọ ọ́. Kò pé oṣù méjì tí katakátà fi wó ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Loveth, aránṣọ tí wọ́n wó tirẹ̀, mú ìwé àbá náà, tí orúkọ Màmá wà lórí rẹ̀, wá sílé wa. “Mummy, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?” Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún. Inú ń bí wa títí di òní, a kò sì ní fi pamọ́ nítorí pé òkú wà nílẹ̀.

Màmá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ka ojúlówó ìwádìí wọn sétí gbogbo àdúgbò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Nígbà tí òjò dé, tí omi tún wọlé láìsí ṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀, ojú ti àwọn alágbára. Ní ọdún 2021 wọ́n fọ́ ògiri náà, omi sì rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì, Loveth kò sì rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbà padà. Títí di bí a ti ń kọ èyí, orúkọ Màmá ṣì wà lórí ìwé yẹn. A sọ ọ́ níwájú gbogbo yín: Màmá kọ́ ni wọ́n kọ ọ́.

Àìsàn ráńpẹ́ ni ó mú wọn lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, àti àwọn ọmọ wọn, Olúwatósìn, Dayọ̀, Oyin, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Àṣàkẹ́, ọmọ Adéṣínà ará Ìsẹ́yìn, ẹ sùn un re. Irọ́ tí wọ́n fi orúkọ yín pa kò ní bá yín dé ọ̀run.