Aago Mẹ́rìnlá

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn? Baba ọmọ mi ti ríṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun máa ń kún irùngbọ̀n rẹ̀ wálé, á dà bí arúgbó. Ọmọ ti ń jókòó, ó ti hu eyín méjì.

Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ rántí ihò tí wọ́n rí nínú ọkàn ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí dókítà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, aago mẹ́rìnlá ni nọ́ọ̀sì pè fún mi lédè Faransé, torí wọ́n ń ka aago dé mẹ́rìnlélógún níbí. Mo yọ mẹ́wàá kúrò, ó ku mẹ́rin, mo bá dé ní aago mẹ́rin. Dókítà ti lọ. Àṣé méjìlá ni wọ́n ń yọ, aago méjì ọ̀sán ló ní kí n wá. Mo purọ́ fún baba ọmọ pé dókítà ni kò wá.

Wọ́n ti wá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ báyìí. Bó bá ku ọ̀la, nọ́ọ̀sì á pè mí lórí fóònù, á sọ aago tí ọmọ ò gbọdọ̀ mu ọmú mọ́. Bó bá mu ún kọjá ìgbà yẹn, ó lè há a lọ́fun nínú oorun iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó yé mi. Orí ni mo ń mì bí alángbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí láràárọ̀. Ẹ má tiẹ̀ kí mi. Ẹ ṣáà dárúkọ aago kan, kí n sọ èyí tó jẹ́. Bí mo bá ṣì í, ẹ tún un pè.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣe ọmọ mi.

Èmi àbúrò yín.